Omi Ìfọnu àti Ohun Kíkan inú Èérí Eyín



Nígbà tí eyín bá ń dun ènìyàn ní ilẹ̀ wa, ohun tí a máa ń wí ni pé kòkòrò ti jẹ ẹ́ ní eyín. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń wí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bábílónì ìgbàanì kọ ọ́ sí ara wàláà amọ̀ pé aràn kan ni ó tọrọ ààyè láti máa gbé láàrin eyín àti èrìgì. Àwọn ará Yúróòpù pẹ̀lú gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1728 ni Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ní ìlú Paris, kọ ìwé ńlá kan nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wí nínú rẹ̀ pé òun ti wá aràn náà títí, òun kò rí i.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa kì í ṣe òfo pátápátá. Ẹ̀dá alààyè wà nínú ẹnu ní tòótọ́ tí ó ń ba eyín jẹ́. Ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, kì í sì í ṣe ẹnu ni ó fi ń jẹ eyín. Ohun kíkan kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ásíìdì, ni ó ń ti ara rẹ̀ jáde, ohun kíkan náà ni ó sì ń jẹ eyín, gẹ́gẹ́ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń jẹ ẹnu ọ̀bẹ tí a kò nù.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín ni ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n fi omi oògùn dojú kọ ẹ̀dá yìí. Ìbéèrè méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkínní ni: ǹjẹ́ oògùn yìí ń pa kòkòrò? Èkejì ni: ǹjẹ́ oògùn yìí ń dín ohun kíkan tí ó wà lára eyín kù? Ó dà bí ẹni pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe ìkan náà. Ó gba ayé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀ dáradára, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa tí ń ra ìgò omi ìfọnu ní ọjà kò sì tí ì yà wọ́n sọ́tọ̀ títí di òní. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè máa náwó, kí eyín ọmọ rẹ̀ sì máa jẹrà níṣojú rẹ̀.

I. Oníṣòwò aṣọ ìlú Delft

Ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Holland, ni a bí Antonie van Leeuwenhoek ní ọdún 1632. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Oníṣòwò aṣọ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń dan dígí kékeré títí yóò fi di awò tí ń sọ ohun tí ó kéré di ńlá, kò sì sí ẹlòmíràn ní ìgbà ayé rẹ̀ tí awò rẹ̀ dára tó ti rẹ̀. Ohun gbogbo ni ó ń fi awò náà wò: omi òjò, ẹ̀jẹ̀, ara kòkòrò, irun àgùntàn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1683, ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn amòye tí ń jẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wí nínú rẹ̀ pé àṣà òun ni láti máa fi iyọ̀ ra eyín òun ní òròòwúrọ̀, kí òun sì fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn náà. Nítorí èyí eyín òun mọ́ ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ òun lọ. Síbẹ̀, nígbà tí òun wò ó dáradára, òun rí ohun funfun kan tí ó kù láàrin eyín, tí ó nípọn bí ìyẹ̀fun tí a pò mọ́ omi. Èyí ni a ó máa pè ní èérí eyín nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó pò ó mọ́ omi òjò tí ó mọ́, ó sì fi awò wò ó. Ẹnu yà á láti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rìn. Àwọn kan ń sáré tààrà bí ẹja nínú omi, àwọn kan ń pòòyì. Ó wí pé àwọn tí ó wà nínú èérí eyín ẹnìkan pọ̀ ju àwọn ènìyàn tí ń gbé inú odindi ìjọba kan lọ.

Bí ó bá dúró níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ì bá wà títí láé nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú, ó sì ṣe ìdánwò tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ó mú ọtí kíkan tí ó le, ó fi ṣan ẹnu rẹ̀ dáradára, ó tún fi omi tí ó mọ́ ṣàn án. Nígbà tí ó tún wá wo èérí eyín rẹ̀, àwọn ẹ̀dá náà ṣì wà níbẹ̀ láàyè láìníye, pàápàá nínú èyí tí ó wà láàrin eyín. Nígbà náà ni ó mú ọtí kíkan díẹ̀, ó dà á sínú omi tí ó ti pò èérí náà sí. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn kú.

Ẹ kíyèsí ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Ọtí kíkan kan náà ni, àwọn ẹ̀dá kan náà ni. Nínú omi wọ́n kú; ní ara eyín wọn kò kú. Ó sì sọ ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀: àwọn tí ó wà ní ojú òde èérí náà nìkan ni ọtí kíkan pa, nítorí kò wọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn kò bá tilẹ̀ rántí ohunkóhun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, kí ó rántí ìdánwò Delft yìí, nítorí a ó tún padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

II. Ọ̀nà tí ohun kíkan fi ń wá

Leeuwenhoek rí àwọn ẹ̀dá náà, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó tó nǹkan bí igba ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn ìyá wa tí ń ṣe ògì mọ ojú iṣẹ́ náà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ inú rẹ̀. Wọn a rẹ àgbàdo, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Kò sí ẹni tí ó bu ohun kíkan sí i. Ní ọdún 1857 ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé bí wàrà bá kan, iṣẹ́ ẹ̀dá alààyè wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n ń jẹ ṣúgà tí ó wà nínú wàrà náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Irú ásíìdì kan náà ni ó ń mú ògì kan, òun náà sì ni ó pọ̀ jùlọ nínú èyí tí èérí eyín ń ṣe nígbà tí a bá jẹ ohun dídùn.

Ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ẹnu ni Willoughby Miller. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, a bí i ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ọdún 1853, ṣùgbọ́n ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá rẹ̀, ní àkókò tí Robert Koch ń kọ́ gbogbo ayé bí a ti ń mọ kòkòrò tí ó fa àìsàn. Miller kó àwọn eyín tí a ti yọ, ó fi wọ́n sínú itọ́ tí ó ní àkàrà òyìnbó tàbí ṣúgà nínú, ó sì mú kí gbogbo rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Eyín náà rọ̀, nítorí ásíìdì ti tu ohun líle inú rẹ̀. Ó fi ẹran sí i dípò àkàrà. Eyín kò rọ̀. Ó se itọ́ náà kí ó tó lò ó. Eyín kò rọ̀. Báyìí ni ó fi hàn pé ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ pàdé: kòkòrò tí ó wà láàyè nínú itọ́, àti oúnjẹ tí í ṣe ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà. Ní ọdún 1890 ìwé rẹ̀ lórí àwọn kòkòrò inú ẹnu ènìyàn jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀ sì wà títí di òní.

Ní àkókò kan náà, ọ̀rọ̀ oògùn apa-kòkòrò gba ayé kan. Ní ọdún 1867 Joseph Lister, oníṣẹ́-abẹ ní Glasgow, ti kọ̀wé nípa bí a ti ń fi oògùn pa kòkòrò ojú ọgbẹ́ kí ó má baà kẹ̀. Ní ọdún 1879 Joseph Lawrence ṣe omi oògùn kan ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, a sì sọ ọ́ ní Listerine láti fi bu ọlá fún Lister. Nígbà tí ẹ̀kọ́ Miller wá tàn ká, ó rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti ronú pé: bí kòkòrò bá ni ó ń ba eyín jẹ́, tí a sì ní omi tí ń pa kòkòrò, kí ni ó kù bí kò ṣe kí a fi ṣan ẹnu?

Ohun méjì ni ó kù. Èkínní ni àkókò. Oògùn tí ń pa kòkòrò nínú ìgò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 kò ní ìṣẹ́jú 15 nínú ẹnu. Láàrin ìṣẹ́jú kan a ti tu ú dànù, itọ́ sì ti fọ ìyókù lọ. Èkejì ni ilé tí àwọn kòkòrò náà kọ́. Ní ọdún 1897 J. Leon Williams, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń ṣe oníṣègùn eyín ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé àwọn kòkòrò náà kì í kàn léfòó nínú itọ́. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú eyín pọ́npọ́n nínú ohun yíyọ̀ bí ọ̀rá, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ohun kíkan wọn, níbi tí itọ́ kò ti lè tètè fọ̀ ọ́. Èérí tí Leeuwenhoek rí náà ni. Òun ni ìkòkò tí ohun kíkan ti ń sè.

III. Ẹni tí ó wọn ohun kíkan

Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ omi ìfọnu kan wò a máa ka kòkòrò tí ó kú. Kò sí ẹni tí ó lè wọn ohun kíkan ní ojú eyín ènìyàn tí ó wà láàyè. Robert Stephan, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe èyí, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1940. Ó lo wáyà tín-ínrín tí a fi irin kan tí ń jẹ́ antimony ṣe, ó fi kan èérí tí ó wà ní ojú eyín, ó sì ka bí ó ti kan tó.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan fún èyí tí wọ́n ń pè ní pH. Omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà náà bá ti ń rẹlẹ̀ sí i ni ohun náà ń kan sí i, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì fi 1 dín, kíkan rẹ̀ di ìlọ́po 10. Ní nǹkan bí 5.5 ni awọ líle tí ó bo eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Stephan ní kí àwọn ènìyàn fi omi ṣúgà ṣan ẹnu. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, èérí eyín tí ó ti wà nítòsí 6.5 tàbí 7 já wálẹ̀ dé nǹkan bí 5. Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, tí ó sì ń gòkè padà díẹ̀díẹ̀ fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá ti gòkè padà, itọ́ a máa dá díẹ̀ padà nínú ohun líle tí eyín ti sọnù. Nítorí náà eyín kì í bàjẹ́ ní ọjọ́ kan. Ní ojoojúmọ́ ni ó ń pàdánù tí ó sì ń gbà padà, bí ìpàdánù bá sì pọ̀ ju ìgbàpadà lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà náà ni ihò yóò wà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ẹ̀rí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ẹ̀rí ìbànújẹ́, èmi kò sì fẹ́ fò ó. Ní Vipeholm, nítòsí ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden, ilé kan wà fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Láti ọdún 1945 títí di 1953 ni a fi ń wádìí eyín wọn. A fún àwọn kan ní ṣúgà pẹ̀lú oúnjẹ. A fún àwọn mìíràn ní mindin-mindin lílẹ̀ láàrin oúnjẹ kan sí èkejì, ní ìgbà púpọ̀ ní ojúmọ́. Eyín àwọn ti ìkẹyìn yìí bàjẹ́ gidigidi, ti àwọn tí ń jẹ ṣúgà pẹ̀lú oúnjẹ nìkan kò sì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ayé ti kọ́ pé iye ìgbà tí ènìyàn ń jẹ ohun dídùn burú ju bí ó ti jẹ ẹ́ pọ̀ tó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò lè wí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Eyín wọn ni wọ́n fi san owó ẹ̀kọ́ tí àwa ń gbádùn, a kò sì bi wọ́n léèrè. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń lo ìmọ̀ náà máa rántí wọn.

IV. Oògùn tí ó dúró

Nísinsin yìí ẹ jẹ́ kí a lọ sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ Imperial Chemical Industries ni ó ṣe oògùn ibà tí àwọn àgbà nínú wa mọ̀ sí Paludrine. Nínú ìdílé oògùn kan náà ni àwọn onímọ̀ rẹ̀ ti rí omíràn tí ó ń pa kòkòrò wẹ́wẹ́ gidigidi, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1954. Orúkọ rẹ̀ ni chlorhexidine. Ìfọ ọgbẹ́ àti ìfọwọ́ oníṣẹ́-abẹ ni a kọ́kọ́ fi ṣe.

Ní ìlú Aarhus ní ilẹ̀ Denmark ni ó ti wọ inú ìtàn eyín. Harald Löe, ọmọ ilẹ̀ Norway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìdánwò kan níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Ènìyàn 12 tí eyín wọn mọ́ jọ̀wọ́ ara wọn láti má ṣe fọ eyín mọ́ rárá. Láàrin ọjọ́ 10 sí 21 èérí bo eyín wọn, èrìgì gbogbo wọn sì pọ́n, ó wú. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, èrìgì wọn san. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1970, Löe àti Rindom Schiøtt ní kí àwọn ènìyàn pa fífọ eyín tì bákan náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi ìwọ̀n ṣíbí kékeré méjì omi tí ó ní chlorhexidine 0.2 nínú 100 ṣan ẹnu fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mejì ní ojúmọ́. Èérí kò hù ní eyín wọn.

Ní ọdún 1970 kan náà, Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ eyín kò bá fọ eyín, tí wọ́n sì ń fi omi ṣúgà líle ṣan ẹnu ní ìgbà 9 ní ojúmọ́ fún ọjọ́ 23, àbàwọ́n funfun bí ẹfun a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ara eyín. Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìjẹrà, wọ́n sì wò ó sàn lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1972 wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú chlorhexidine lẹ́ẹ̀mejì ní ojúmọ́. Omi ṣúgà kan náà, ìgbà 9 kan náà. Eyín kò bàjẹ́. Ṣúgà wà, ṣùgbọ́n ìkòkò tí yóò ti kan kò sí.

Kí ni ó dé tí èyí fi ṣe ohun tí ọtí kíkan Delft kò lè ṣe? Kì í ṣe nítorí pé ó le jù ú lọ nínú ìgò. Nítorí pé ó ń dúró ni. Nígbà tí ènìyàn bá tu ú dànù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ eyín àti awọ inú ẹnu, a sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìdáhùn sí ìṣòro àkókò nìyẹn. Ohun ìyanu mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè pa kòkòrò mọ́, ó ṣì ń dí ẹnu ọ̀nà tí kòkòrò fi ń gba ṣúgà wọ inú ara rẹ̀. Kòkòrò náà wà láàyè, ṣùgbọ́n kò lè jẹun dáradára. Bí kò bá sì jẹun, kò lè ṣe ohun kíkan. Ní ọdún 1979 Rui Oppermann tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí chlorhexidine ti ń dín ohun kíkan inú èérí eyín kù nínú ẹnu ènìyàn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn omi ìfọnu náà, ṣúgà kò lè fà á wálẹ̀ tó bí ó ti máa ń fà á tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo bí ìbéèrè méjì wa ti yà kúrò lára ara wọn níhìn-ín. A lè pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò kí ohun kíkan sì tún padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí àwọn tí ó kù lábẹ́ ń bọ̀ sípò. A sì lè má pa púpọ̀, kí ohun kíkan sì dín kù, nítorí àwọn tí ó wà láàyè kò rí ṣúgà lò.

V. Ibi tí ìgò ti kùnà

Ẹnìkan lè wí pé: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ilé ra chlorhexidine, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Oògùn náà a máa kun eyín ní àwọ̀ ilẹ̀ bí a bá ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a sì máa yí adùn oúnjẹ padà ní ahọ́n. Nítorí náà ìgbà díẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń fún ènìyàn lò, bí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ẹnu tí kò lè fọ eyín. Fún èrìgì, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dájú; àyẹ̀wò àpapọ̀ tí ẹgbẹ́ Cochrane tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi ìdí èyí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ kan náà yẹ ìwádìí wò ní ọdún 2015 lórí chlorhexidine tí a fi ń kun eyín àwọn ọmọdé láti dènà ìjẹrà, ẹ̀rí tí wọ́n rí kéré.

Nígbà kan náà, omi ìfọnu mìíràn wà tí kì í ṣe apaniyán kòkòrò rárá: omi tí ó ní fluoride díẹ̀. Ní ọdún 2016 ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 37 jọ lórí rẹ̀, nínú èyí tí àwọn ọmọdé tí ó lé ní 15,000 wà. Níbi tí a ti ń ṣọ́ wọn kí wọ́n lò ó déédéé, ìjẹrà eyín tí ó ti gbó dín kù ní ìwọ̀n 27 nínú 100. Fluoride ń ran eyín lọ́wọ́ láti gba ohun líle rẹ̀ padà. Èyí ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ. Ṣùgbọ́n ó tún ní iṣẹ́ kan nínú èérí. Bí èérí náà bá ti ń kan sí i ni fluoride ń rí ọ̀nà wọ inú kòkòrò sí i, nígbà tí ó bá sì wọlé tán, a máa dẹ́kun iṣẹ́ tí ń sọ ṣúgà di ásíìdì. Kòkòrò náà ni ó fi ohun kíkan rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́.

Báyìí ni oògùn tí kì í pa kòkòrò púpọ̀ fi ní ẹ̀rí ìdènà ìjẹrà tí ó dára ju ti èyí tí ń pa á jùlọ. Ẹni tí ó bá ń ra omi ìfọnu nítorí pé ó kà á lára ìgò pé ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú kòkòrò ẹnu, ìdáhùn sí ìbéèrè èkínní ni ó rà. Ìbéèrè èkejì ni eyín ọmọ rẹ̀ ń bi í.

VI. Ìpadàbọ̀ sí ilẹ̀ Holland

Mo ti wí pé a ó padà sí Delft. Ní ọdún 2001, ní ìlú Amsterdam tí kò jìnnà sí ibẹ̀, àwọn onímọ̀ Egle Zaura-Arite, Jan van Marle àti Bob ten Cate lo awò tuntun tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wo èérí eyín ní ìpele-ìpele láìtú u ká. Wọ́n da chlorhexidine lé èérí tí a jẹ́ kí ó hù fún wákàtí mélòó kan títí dé ọjọ́ méjì. Àwọn kòkòrò ojú òde kú. Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ wà láàyè. Ọdún 318 ti kọjá láti ìgbà lẹ́tà oníṣòwò aṣọ náà, oògùn ti yí padà, awò ti yí padà, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà: oògùn kò wọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ìdí nìyí tí chlorhexidine fi ṣe iṣẹ́ ńlá ní Aarhus, níbi tí ó ti bá eyín tí a kọ́kọ́ fọ̀ mọ́ tónítóní, tí ó sì dènà kí èérí má hù. Lórí èérí tí ó ti nípọn, ojú òde ni yóò mọ. Ohun tí ń ṣí ilé èérí kò sì tí ì yí padà: ohun tí a fi ń ra eyín ni, ìbáà ṣe iyọ̀ àti aṣọ Leeuwenhoek, ìbáà ṣe búrọ́ọ̀ṣì.

Ní ìhà yìí àwọn ìyá àti bàbá wa kò kẹ́yìn. Orín tí wọ́n ń run ń ṣe iṣẹ́ méjì papọ̀: ó ń ha èérí kúrò, omi igi náà sì ń bá àwọn kòkòrò jà. Ní ọdún 1971 àwọn onímọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé omi àwọn orín ilẹ̀ wa ní agbára láti dá kòkòrò dúró. Èmi kò wí pé kí a fi orín rọ́pò oníṣègùn. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó run orín dáradára ní òwúrọ̀ ti ṣe ohun tí ẹni tí ó kàn ṣan ẹnu pẹ̀lú omi olówó iyebíye kò ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a to nǹkan bí ó ti yẹ kí a tò ó. Kí a kọ́kọ́ dín iye ìgbà tí ọmọ ń jẹ ohun dídùn kù, nítorí ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ohun kíkan ń pọ̀ sí i lára eyín. Kí a máa ra eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ojúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ eyín tí ó ní fluoride. Lẹ́yìn èyí ni omi ìfọnu tó kàn, bí oníṣègùn bá wí pé ó yẹ. A kò sì gbọdọ̀ fi ti fluoride fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 6, nítorí yóò gbé e mì.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sì tún gbé ìgò kan wá sí iwájú yín, tí ó ní ó ń pa kòkòrò, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ọtí kíkan Leeuwenhoek pẹ̀lú pa á, nínú omi. Kí ẹ bi í ní ohun kan ṣoṣo: nígbà tí ọmọ mi bá jẹ ṣúgà lẹ́yìn èyí, báwo ni ara eyín rẹ̀ yóò ti kan tó, yóò sì ti pẹ́ tó?